Pákó Àwọn Òkú Lórí Afárá Olóyin

Àlàmísì, 17/4/2025

Olúgbémi káfíńtà ti Àpòmù wá wo afárá odò Olóyin wa lónìí. Ó pẹ́ kó tó dé, ó ní òjò ló dá òun dúró, òjò tí kò kán sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa rárá. Mo ní kó má wulẹ̀ parọ́ fún arúgbó. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ abẹ́ afárá lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó jáde, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mọ́mì, ta ló ń kan pákó lé pákó báyìí? Òkè ti wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn igi ìrókò tó gbé e ti ń tẹ̀."

Mo ṣàlàyé fún un, ọmọ Kérúbù ni, kò lè mọ̀. Ẹni tó bá kú ní abà wa, kó tó pé ogójì ọjọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á gbé pákó kan wá, wọ́n á fi irin gbígbóná kọ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n á kàn án mọ́ afárá. Sàráà ni. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá gba orí rẹ̀ kọjá, láádá, èrè rẹ̀, ń lọ bá òkú ní sàárè. Ó bi mí pé bí pákó náà bá wá jẹrà ńkọ́? Mo ní a kì í yọ ọ́. Ta ló máa yọ pákó ìyá ẹlòmíràn? Tuntun là ń kàn lé e.

"Láti ìgbà wo, ma?"

Láti ayé àwọn bàbá bàbá ọkọ mi tí wọ́n ń ru kòkó ni. Àwọn náà ló fi páànù ṣe òrùlé lé afárá lórí, kí kòkó má baà tutù níbi tí wọ́n bá ti ń sinmi. Ní gbogbo agbègbè yìí, n kò mọ afárá mìíràn tó lórùlé bí ilé.

Ó ní ká tú gbogbo pákó òkè kúrò, ká kan ìpele kan péré tó jẹ́ igi ayan, kí òjò tó le. Bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, afárá kò ní pẹ́ wó.

Mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún mi. Nasrullah ọmọ mi ti sọ ọ́ láti Ìbàdàn, kò fi bò: ọjọ́ tí afárá yìí bá lọ, òun ń bọ̀ wá kó mi. Èmi ò sì fẹ́ kúrò nínú ilé tí bàbá rẹ̀ sùn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. N kò fẹ́, ó tán.

Sọ́ńdè, 20/4

A ṣèpàdé ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn Àlásárì. Ìpàdé kọ́, ariwo ni. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, n kò rí kíláàsì tó burú tó èyí. Bí mo ṣe ní "ẹ jẹ́ ká tú u", ni ìyá kan bú sẹ́kún pé mo fẹ́ pa ọmọ òun lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá Gàrúbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, òun ló dàgbà jù ní abà. Ó jẹ́ kí wọ́n pariwo tán.

"Ìyàwó," ó ní, "pákó Ràhmọ̀t wà níbẹ̀. Gbogbo Jímọ̀ tí mo bá ń lọ sí Àpòmù, mo máa ń dúró kí i. O fẹ́ kí n máa kí ta ni?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo mọ Ràhmọ̀t ìyàwó rẹ̀ dáadáa. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sá kòkó nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wọlé, tí n kò mọ nǹkan kan ju ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀dù lọ. Àbídì tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù wa nìkan ló gbè mí lẹ́yìn. Wọ́n ní kó jókòó, ọmọ àná.

Àtàláátà, 22/4

Ooru ń mú bí ẹni pé inú ààrò la wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ́n ní Ìkirè, àwọn oní-dòdò ń já a gbà lọ́wọ́ mi, títí kan àwọn tó ti rọ̀ jù. Ó kéré tán, nǹkan kan dára.

Jímọ̀, 2/5

Mo lọ bá Áfáà ní Àpòmù lẹ́yìn ìrun. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ìyá, láádá kò sí lára ìṣó. Ẹni tó ti fi nǹkan ṣe sàráà ti ṣe é, Ọlọ́run ti gbà á. Bó bá jẹrà, ẹ yọ ọ́ kó má pa alààyè."

Mo ní kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Ó ní òun ń bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra ẹja díndín fún ara mi lójú ọ̀nà.

Sátidé, 10/5

Áfáà wá, ó sì sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ṣe àmín fún un, wọ́n pa àkùkọ fún un, ó jẹun, wọ́n sìn ín dé òdìkejì. Nígbà tí wọ́n padà dé, Bàbá Gàrúbà ní, "Áfáà ìgboro ni. Kò lẹ́nì kankan lórí afárá wa." Gbogbo wọn mi orí bí aláǹgbá.

Ó kù díẹ̀ kí n bú u. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, mo gbé e mì. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Àlàrùbá, 21/5

Òjò ńlá láti òwúrọ̀. Táyà ẹ̀yìn ọ̀kadà Àbídì rì wọ àárín pákó méjì lórí afárá, ẹ̀gẹ́ tó gbé dà sódò. Òun náà ìbá bá a lọ bí kò bá rí òpó dì mú. Bí a ṣe ń fa ọ̀kadà jáde, igi kan ró gbìì lábẹ́ wa, gbogbo wa sá.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ pákó. Oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ.

Àlàmísì, 22/5

Qaosarat wá kí mi ní òwúrọ̀. Ọmọ Bàbá Gàrúbà ni, òun ló fi ilé ọkọ sílẹ̀ wá ń tọ́jú bàbá rẹ̀ látìgbà tí Ràhmọ̀t ti kú. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dun ènìyàn.

"Màmá, ẹ má bínú o. Gbogbo ìgbà lẹ̀ ń ní ká tú ti ẹlòmíràn. Ti Bàbá Nasrullah ńkọ́?"

Òótọ́ ló sọ, ó sì bí mi nínú pé òótọ́ ni.

Jímọ̀, 23/5

Mo ránṣẹ́ pe Olúgbémi, mo ní kó tú ti ọkọ mi lójú gbogbo ayé. Wọ́n tò sí etí odò, wọ́n ń wò mí. Ó fi irin fa ìṣó rẹ̀ yọ, ó ń dún kẹ̀ẹ́, mo wa eyín pọ̀. Nígbà tó gbé e fún mi, mo rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Òkè nìkan ló dà bí pákó. "Àbdùlràhmọ̀n" ṣì wà níbẹ̀ kedere, ọwọ́ Nasrullah ló kọ ọ́, kò tilẹ̀ kọ ọ́ gún.

Mo gbé e lọ sílé. N kò sunkún lójú wọn. Nígbà tí mo délé, mo sun ẹkún náà dáadáa.

Sọ́ńdè, 1/6

Ìdílé mẹ́ta ti wá sọ fún mi pé àwọn gbà. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá tó sunkún ní ìpàdé. Ó ní bí mo bá lè tú ti ọkọ mi, òun náà á gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣiṣẹ́ nígbà tí Iléyá ti dé tán? Olúgbémi ní ọjọ́ ń lọ. Ṣé èmi ni mo dá iṣẹ́ dúró ni?

Jímọ̀, 6/6

Iléyá. Àgbò wọ́n bí màlúù, ewúrẹ́ la pa. Nasrullah wá, ó dúró lórí afárá, ó ń fi fóònù ya àwòrán ihò. Ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ẹrù yín. Ilé wà ní Ìbàdàn, iná wà, ọmọ ọmọ yín wà." Mo ní bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ó ní bàbá òun kò ní bínú. Mo bi í pé ìgbà wo ló bá a sọ̀rọ̀. Ó jẹ ẹran rẹ̀, ó lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ mi dùn ún, mo mọ̀.

Sátidé, 14/6

Gbogbo ìdílé ti gbà tán, ó ku Bàbá Gàrúbà. Mo lọ kúnlẹ̀ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Mo ní bí a kò bá tú u báyìí, odò máa gbé afárá lọ, abà á tú, gbogbo wa á di ará ìgboro tí kò mọ orúkọ aládùúgbò.

Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó ń wá mi kiri.

"Ìyàwó, ìwọ lo kàwé nínú wa. Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ lọ tú u. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rọra."

Àlàmùdùlílàhì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Mo sáré lọ sọ fún Àbídì, ó sì fi ọ̀kadà lọ sọ fún Olúgbémi lójú ẹsẹ̀.

Àtìní, 23/6

Wọ́n tú u tán lónìí. Pákó pọ̀ bí òkè sí etí odò, ìdílé kọ̀ọ̀kan ń ṣa tirẹ̀. A rí àwọn orúkọ tí a kò mọ̀ mọ́, a kó ìyẹn lọ sí mọ́sáláṣí. Afárá wá tín-ín-rín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn: igi ìrókò nísàlẹ̀, òpó, páànù lókè. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan la fi ń rìn kọjá.

Olúgbémi yọ̀. Ó ní igi ìrókò kò tíì bàjẹ́ tó bí òun ṣe rò, ó tilẹ̀ ti ń nà padà. Ayan ti wà lọ́wọ́ àwọn onígi ní Ìkirè, wọ́n ń là á, ó di Àlàmísì.

Sátidé, 28/6

Ayan kò tíì dé. Òjò kò dá láti Àlàrùbá. Ọ̀nà láti Àpòmù ti di ẹrẹ̀, ọkọ̀ onígi rì sí i, wọ́n sọ igi kalẹ̀, wọ́n padà. Mo bú Olúgbémi lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé èmi ni mo ń rọ òjò?" Mo pa fóònù.

Àtàláátà, 1/7

Afárá ti lọ.

Lẹ́yìn Àyìlà ni. Omi ti gun òpó láti òwúrọ̀, ṣùgbọ́n a ti rí i bẹ́ẹ̀ rí, ní ọdún tí odò gbé ilé ìdáná Àbídì lọ, tí afárá kò mira. A dúró, à ń wò ó bí ẹni ń wo ẹran ìso. Omi dé ìsàlẹ̀ igi ìrókò, mo sì rí afárá tó gbéra. Omi kò wó o. Ó gbéra nílẹ̀ pẹ̀lú òrùlé rẹ̀, ó léfòó, ó yí díẹ̀ bí ẹni fẹ́ padà, omi sì gbé e lọ. Páànù rẹ̀ ṣì ń tàn lọ́ọ̀ọ́kán kó tó wọ àárín igi.

Àbídì pe Olúgbémi. Ó fi ohùn fóònù sí gbangba kí gbogbo wa gbọ́. Olúgbémi ní, "Ìwúwo pákó yẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A ti mú un fúyẹ́. Mi ò rò ó débẹ̀. Ọlọ́run mi, mi ò rò ó débẹ̀." Ó ń sunkún.

Bí a bá ti tú u lóṣù kẹrin, a ti kan tuntun mọ́ ọn kí omi tó dé. Bí a kò bá tú u rárá, ó wà níbẹ̀ lónìí. Èmi ni mo ní ká tú u, mo sì rí i pé wọ́n tú u, ní ọ̀sẹ̀ tí kò yẹ ká fọwọ́ kàn án rárá.

Àlàrùbá, 2/7

Wọ́n wá kí mi. Gbogbo wọn. Wọ́n wọlé ní ẹyọ ẹyọ, wọ́n ń ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, ẹ kú àfẹ́kù," bí wọ́n ṣe kí mi nígbà tí ọkọ mi kú. Mo ń retí kí ẹnì kan bú mi. Ìyá tó sunkún ní ìpàdé gbé gàrí wá fún mi. Ìyẹn dójú tì mí ju èébú lọ.

Àtàláátà, 8/7

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi ń rà nílẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí mo lè gbé e gbà. Ọ̀nà tó yí gba ìhà Aṣéjìré ti di àbàtà, ó mu Àbídì dé itan nígbà tó gbìyànjú rẹ̀ lánàá. Ìdílé méjì gba inú àbàtà náà lọ pẹ̀lú ẹrù lórí, wọn kò ní àwọn máa padà. Nasrullah ń pè lójoojúmọ́. Mo ní kó jẹ́ kí omi fà ná. N kò sọ pé mò ń lọ, n kò sọ pé n kò lọ.

Sátidé, 12/7

Àyà ń dun Bàbá Gàrúbà. Qaosarat wá pè mí, mo lọ, mo rí i tó ń fi gbogbo ara mí. A pe nọ́ọ̀sì ní Àpòmù lórí fóònù, ó ní ká gbé e wá kíákíá. Ká gbé e gba ibo? Àbídì wọ odò láti wọ̀n ọ́n, omi gbá a ṣubú, okùn la fi fà á jáde. Àwọn ará Àpòmù di oògùn sínú ọ̀rá ní òdìkejì, wọ́n sọ ọ́ sí wa. Ó já sínú omi. Wọ́n sọ èkejì, ó dé.

Bàbá lò ó. Ó ní ó fúyẹ́ díẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Àlàrùbá, 16/7

Ìnàlíláhì. Bàbá Gàrúbà jáde láyé lẹ́yìn Àsùbáà. Mo wà níbẹ̀. Qaosarat gbé orí rẹ̀ lé itan, kò pariwo. Ibùdó ìtọ́jú tí wọ́n ní ká gbé e lọ, à ń wo òrùlé rẹ̀ láti etí odò.

Àwọn ìdílé yòókù ti kó lọ, Àbídì àti ọkùnrin méjì tó ṣẹ́kù ló wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kírun sí i lára. A gbé e lọ sí etí odò nítorí pé àwọn ará Àpòmù ti dé sí òdìkejì, Áfáà ṣíwájú wọn, Nasrullah wà láàárín wọn. Ìlà-oòrùn odò ni abà wa wà, ibẹ̀ náà la ń kọjú sí kírun, iwájú wọn gan-an la tẹ́ ẹ sí. Wọ́n tò sórí ẹrẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ́, wọ́n kírun sí i lára láti ọ̀hún. Odò ń pariwo, a kò gbọ́ ohùn Áfáà, ọwọ́ tó ń gbé sókè nìkan la fi mọ ibi tó dé. Nígbà tí wọ́n sálámà, tí ìrun parí, wọ́n dúró, wọn kò mọ bí wọ́n á ṣe lọ. Wọ́n wá ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọwọ́ ọkùnrin mẹ́ta kò tó. Sàárè ń kún fún omi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ. Mo ká yẹ̀rì mi sókè, èmi àti Qaosarat bá wọn gbọ́n omi. A kò rí pákó tuntun, àwọn tí a tú lára afárá la fi bò ó. Ọmọ Mùsùlùmí ni mí, mo mọ̀ pé obìnrin kì í bá wọn dé ibẹ̀. Mo bu yẹ̀pẹ̀ fún un. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Mo ní ó dá mi lójú." Àbídì gbọ́, ó yíjú sápá kan.

Sátidé, 26/7

Omi ti fà dé orúnkún. Nasrullah wá ní òwúrọ̀ pẹ̀lú àpótí. Mo ti di ẹrù sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ lọ lóòótọ́. Mi ò rò ó rí pé mo máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fẹ́ kúrò ní ilé yìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ síbi tí n kò ti ní rí odò. Mo kí ọkọ mi ní ẹ̀yìnkùlé, mo ní kó má bínú. Àbídì náà ti kó lọ sí Àpòmù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn méjì yòókù ti bá a lọ. Ó ku Qaosarat.

Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ. Ó ń tún gbàgede bàbá rẹ̀ ṣe, ó ń gbá a. Ó ní, "Ẹ máa lọ, Màmá. Bàbá ò tíì pé ogójì." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì fi gún mi lára.

Nasrullah pọ̀n mí bí ọmọ. Ó wọ inú omi, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀. A dé àárín odò. Mo rò ó pé Qaosarat nìkan ló kù tí yóò ka ogójì bàbá rẹ̀. Mo ní kó dá mi padà.

Ó dúró nínú omi. "Màámi, nítorí bàbá mi náà ni?"

Mo ní rárá.

Kò bi mí mọ́. Ó gbé mi padà, ó gbé àpótí padà, ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó sì lọ. Mo gbé àpótí mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Gàrúbà. Qaosarat ń jẹun lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó wo etí aṣọ mi tó tutù. Ó wá fa awo mìíràn, ó sì pín ẹ̀bà rẹ̀ sí méjì.